Ọjọ́ Tí Mo Gbé Kọ̀ǹpútà Bàbá Akọrin Sínú Òmíràn

Ojú ń tì mí láti kọ èyí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe irú ìtìjú tí èèyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Bí mo bá ń fọ abọ́ lọ́wọ́ tó bá sọ sí mi lọ́kàn, èmi nìkan á pariwo "Háà!" nínú ilé ìdáná, ọkọ mi á sì béèrè láti pálọ̀ pé ṣé ọ̀bẹ gé mi ni.

Ìlọrà ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ yẹn mọ ìbínú mi. Ẹni tó bá lóun ò tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ síbòmíràn, èmi ni màá dúró lé e lórí pé, "Ṣé wọ́n ń ṣe ọ́ ni?" Ẹ ò rí i bí ẹnu ṣe ń dùn tó. Ẹnu tí mo fi ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí yẹn náà ni mo fi ba tèmi jẹ́.

Fìdítì ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ṣì ń wọ mọ́tò lọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, torí mi ò lè fi ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí mo dàgbà sí sílẹ̀. Bàbá kan ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin níbẹ̀ láti ìgbà tí orí mi ò tíì ga ju ìjókòó lọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Òun ló kọ́ mi ní dò-rè-mí, ó sì máa ń fi lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé kàn mí níwájú orí bí mo bá ṣì í kọ. "Etí dà? Etí rẹ dà?" Ìgbà tí mo di ìyá ọmọ mẹ́ta, tí mo di tíṣà fúnra mi, bí bàbá yẹn bá wò mí lásán, ọwọ́ mi á ti lọ síwájú orí.

Bàbá a máa kọ orin fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó ra kọ̀ǹpútà kan, irú àwọn àtijọ́ tí ojú wọn tóbi bí àpótí aṣọ, ètò kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ orin. Bó bá ti to àwọn ohùn orin náà sí i, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ padà fún un pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín bíi ti ohun ìṣeré ọmọdé. Ohùn yẹn dùn mọ́ bàbá jù. Á dijú, á máa ju ọwọ́ bíi pé odindi kúáyà ló wà níwájú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀kan ní Ìbàdàn, kò yọrí sí rere, èyí tó kù ò ríran ju òjìji lọ. Ẹni tó bá sì rí bàbá níwájú kọ̀ǹpútà yẹn kò ní mọ̀ rárá. Ìka rẹ̀ ló ń ríran. Ó mọ iye ìgbà tí òun máa tẹ bọ́tìnì tó ń lọ sísàlẹ̀ kí òun tó débi orin tí òun ń wá, ó mọ ibi tí ohun gbogbo wà, gẹ́gẹ́ bí èmi àti ẹ̀yin ṣe mọ ibi tí súwíìṣì iná wà nínú yàrá wa. Ẹ gbé e síwájú kọ̀ǹpútà mìíràn báyìí, ó di afọ́jú nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Dísìkì inú rẹ̀ ń dún kó, kó, kó. Ọmọ bàbá tó wà lókè òkun fi láàpútọ́ọ̀pù tuntun ránṣẹ́, bàbá sì jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta, kò rí ohunkóhun ṣe níbẹ̀. Ètò orin yẹn ò gbà kí wọ́n fi òun sórí rẹ̀, èyí tuntun tó jọ ọ́ sì da gbogbo nǹkan rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀. Bàbá ti kọ orin kan sílẹ̀ fún un, ẹsẹ mẹ́rin, ohùn mẹ́rin. Ó sọ fún mi pé òun ti parí ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òun ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó tíì gbọ́ ọ. "Èyí ni mo fẹ́ fi dágbére," ó ní. "Mo ṣì fẹ́ darí, mo kàn ń múra sílẹ̀ ni."

Màmá, ìyàwó rẹ̀, gbé àwo iyán síwájú mi bó ti ń sọ̀rọ̀ yẹn. Màmá kì í bi èèyàn pé ṣé ó máa jẹun. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ni kí òun sè.

Mo wá la ọ̀nà. Mo ní, "Bàbá, kò sí ohun tó yẹ kẹ́ ẹ tún kọ́. Màá gba ẹ̀dà odindi dísìkì yín, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màá fi ẹ̀dà yẹn dá kọ̀ǹpútà kan tí kò ní ara, inú láàpútọ́ọ̀pù tuntun yìí ni á máa gbé. Kíbọ́ọ̀dù yín àtijọ́ náà la ó so mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá tan tuntun, ti àtijọ́ ló máa yọ sí yín, bí ẹ ṣe fi sílẹ̀ gẹ́lẹ́."

Bàbá rò ó. "Ìyẹn ni pé mo kó ilé mi wọ ilé ẹlòmíràn, àga kan ò sì yẹ̀ ní ipò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo kúáyà ló ti gbọ́ pé mo máa parí iṣẹ́ náà ní ọjọ́ Sátidé.

Sátidé náà, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ nílé bàbá. Mo so dísìkì àtijọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi, ẹ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó sáré dé ààbọ̀, ló bá ń wọ́. Kó, kó, kó. Àwọn ibì kan wà lórí dísìkì náà tí kò ṣeé kà mọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe: kéèyàn ní sùúrù, kó ní kí ẹ̀rọ padà lọ kà á, kó tún padà lọ. Ibi tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lè gbà ní ìkọkànlá. Ó lè gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Èmi sì ti dá Sátidé. Mo tẹ ibi tó ní kí ó fo ohun tí kò bá rí kà. Ó fò wọ́n, ó fi òfo sí ipò wọn, ó sì sáré parí ní nǹkan bí aago mẹ́rin.

"Ó ti parí?" ni bàbá bi mí.

Ẹ̀dà lásán ni mo ní lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà aláìlára náà, mi ò tíì dá a. Mi ò tíì wò ó bóyá ó máa jí. Ilé mi ní Ìlọrà ni mo fẹ́ gbé ẹ̀dà náà àti láàpútọ́ọ̀pù tuntun lọ, kí n lọ ṣe ìyókù níbẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé, "Ó ku díẹ̀, sà." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré.

"Ó ti parí, sà," ni mo wí. "Sátidé tó ń bọ̀ ni màá gbé e wá fún yín."

Lójú ẹsẹ̀ ló gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ohun tó o bá dáwọ́ lé kò ní já ọ kulẹ̀." Màmá ń ṣe àmín láti ẹnu ọ̀nà, èmi náà ń ṣe àmín lórí eékún. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa dìde lẹ́yìn irú àdúrà bẹ́ẹ̀ kó ní ẹ dákun, kò tíì dá òun lójú?

Lọ́jọ́ kejì, nínú ìsìn, bàbá dìde láti jẹ́rìí. Ó di igi ìjókòó mú, ó ní Olúwa fi ọmọ kan jíǹkí òun, ọmọ tí òun fi lẹ́ẹ̀dì kàn níwájú orí, ọmọ náà ló tún la ojú òun. Ó ní kí n dìde. Mo dìde. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, mo kúnlẹ̀, mo tún dìde, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀dà náà wà nínú báàgì mi lábẹ́ ìjókòó, n kò tíì ṣí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó dá kọ̀ǹpútà aláìlára náà sílẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì, ojú rẹ̀ funfun díẹ̀, ó di búlúù, ó sì kú. Mo tún un ṣe, ó tún kú. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, búlúù ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wà nínú kíláàsì nígbà tí fóònù mi dún. Bàbá ni.

"Tíṣà kékeré, àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Màmá rẹ lóun fẹ́ àyè tábìlì. Ṣé kí wọ́n máa gbé òkú yìí lọ? Ṣé kò sóhun tó o tún fẹ́ nínú ẹ̀?"

Mo ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń ra irin náà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń lu páànù. Dísìkì yẹn nìkan ṣoṣo ló ní òtítọ́ nínú, èmi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní "Ẹ má tíì gbé e," ó máa bi mí pé kí ló dé, mo sì ti gba àtẹ́wọ́ odindi ìjọ. Àwọn ọmọ kíláàsì ń wò mí.

"Kò séwu, sà," ni mo ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ni mo jù ú sílẹ̀, kò bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, mo ti rí ohun tó ń ṣe búlúù yẹn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ń retí irú dísìkì tó mọ̀, kò sì dá èyí tuntun tí mo gbé e lé lórí mọ̀. Mo yí i padà, mo ní kí ó ṣe bí irú ti àtijọ́, ló bá jí. Mo kígbe! Mo rí ojú kọ̀ǹpútà bàbá, àwòrán igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wọn, àwọn orin rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Mo ṣí méjì, wọ́n kọ orin dáadáa. Mo pa á, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó bò mí láṣìírí. N kò wo ìyókù. Ẹ̀rù ń bà mí láti wo ìyókù.

Sátidé kejì, mo gbé láàpútọ́ọ̀pù náà dé Fìdítì. Bàbá jókòó, ó fi ọwọ́ pa kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ àtijọ́ bí ẹni ń pa orí ọmọ. Ìka bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, wọlé. Orin jáde. "Òun nìyí!" ni bàbá pariwo. Ó ṣí òmíràn, ó ṣí òmíràn. Màmá ń jó díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Ó wá lọ sí ti àjọ̀dún. Ẹsẹ kìíní lọ geere. Ó dùn, ẹ̀yin èèyàn, ó dùn tó fi jẹ́ pé mo gbàgbé ara mi. Ẹsẹ kejì bẹ̀rẹ̀, ohùn kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé lọ́wọ́ ni, orin sì dákẹ́.

Bàbá dúró. Ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló tún ti dákẹ́.

"Ìyókù dà?"

Mo ṣí inú fáìlì náà wò. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀. Fáìlì náà tóbi bíi ti orin ẹlẹ́sẹ mẹ́rin, ó pé pérépéré, ṣùgbọ́n láti ibi tí orin ti dákẹ́ lọ, òfo ni gbogbo inú rẹ̀. Ibi tí mo ní kí ó fò ló wà. Bàbá ti parí orin náà lóòótọ́, èmi ni mo fò ó.

Mo la ẹnu. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àbí mi ò parí ẹ̀ ni?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó yíjú sí Màmá. "Ṣé mi ò kọ ọ́ sí ẹ létí?"

"Ẹ kọ nǹkan kan," Màmá ní. "Mi ò lè sọ pé òun ni."

Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó kó méjèèjì sáàárín itan. "Mi ò parí ẹ̀. Mo kàn rò pé mo parí ẹ̀ ni. Ó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ yìí, mo ń gbàgbé nǹkan." Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Bàbá tó fi lẹ́ẹ̀dì kàn mí níwájú orí ló ń bẹ̀ mí. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun bo àṣírí, àṣírí ọ̀hún sì jẹ́ tèmi. Kí ni mo ṣe? Mo ní, "Rárá, sà. Mi ò ní sọ." Mo jẹ iyán Màmá, mo wọ mọ́tò padà sí Ìlọrà.

Oṣù kan gbáko ni mo fi panu mọ́. Mò ń sọ fún ara mi pé màá sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gbọ́ pé Màmá gbé e lọ bá dókítà ní Ìbàdàn nítorí orí rẹ̀, mo ní ìyẹn kò burú, àgbàlagbà ló yẹ kó máa lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ń tan ara rẹ̀!

Àfi ọjọ́ Ìsinmi kan, bí ìsìn ti fẹ́ parí, tí bàbá dìde tó pe igbákejì rẹ̀ síwájú. Ó fi ọ̀pá tó fi ń darí orin lé e lọ́wọ́. Àwọn obìnrin kúáyà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n ní rárá o, ó kù díẹ̀ kí àjọ̀dún pé. Bàbá gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ kí n fi í lélẹ̀," ó ní, "nígbà tí mo ṣì mọ ohun tí mo ń fi lélẹ̀."

Mi ò lè sọ bí mo ṣe dé ilé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ibi tí mo fò, "ó ti parí" tí kò tíì parí, ọjọ́ àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù, òfo inú fáìlì. Mo sunkún, imú mi ń ṣàn bíi ti ọmọdé. Bàbá ò já lu ọ̀rọ̀ mi rárá.

"Fáìlì yẹn," ó ní, nígbà tí mo dákẹ́. "O ní ó pé?"

"Ó pé, sà. Ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni bó ṣe tóbi."

"Ìyẹn ni pé mo parí ẹ̀?"

"Ẹ parí ẹ̀, sà. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Mo ti ń retí ìbínú. Mo fẹ́ ìbínú, kó mú lẹ́ẹ̀dì. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Màmá! Màmá, wá gbọ́ o! Orí mi pé! Mo parí orin mi! Kò sí ohun tó ṣe orí mi!" Ó dì mí lórí mú, ó ń gbọ̀n mí. "O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun gan-an ni." Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, wọ́n ti bú mi rí láyé yìí, kò sí èyí tó dùn mí tó ọpẹ́ yẹn.

Màmá jáde wá láti yàrá. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ìdì kọ́kọ́rọ́ kan níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé, ti géètì, ti ilé ìdáná tí gáàsì wà, gbogbo èyí tó ti gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ láti oṣù kan kí ó má baà ṣìnà jáde tàbí jó ilé. Ó kó wọn lé bàbá lọ́wọ́, ó pa ọwọ́ rẹ̀ dé lórí wọn. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi." Bàbá ló sọ ọ́ fún. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Bàbá ò gba ọ̀pá náà padà. Ó ní ohun téèyàn bá ti fi lélẹ̀ níwájú ìjọ, èèyàn kì í tún nawọ́ gbà á. Ó gbìyànjú láti tún orin náà kọ, ìyókù ẹsẹ kejì wá, ẹsẹ kẹta wá, ìkẹrin wá, ó sì sọ fún mi láìfi pa mọ́ pé kì í ṣe èyí tí òun kọ níjọ́sí. Ó ṣì ń lo kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà yẹn lójoojúmọ́, ó sì máa ń yìn mí nítorí rẹ̀.

Mo ṣì ń lọ síbẹ̀ bí ìsìn bá parí. Bàbá á ké sí mi láti inú ilé pé tíṣà kékeré ti dé. Màmá á dáhùn ìkíni mi, á gbé àga fún mi, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò bi mí mọ́ pé kí ni kí òun sè.